Ọkọ̀ Tí Kò Tíì Mumi

Orúkọ méje ni Bàbá Ìjọ kà. Ó ka ẹni àkọ́kọ́, ìjọ dáhùn pé kí Olúwa tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó ka ẹnì kejì, wọ́n dáhùn. Ó kà á dé orí ẹnì keje, ó pa ìwé náà dé, ó sì na ọwọ́ mú ìwé orin. Ìbíyẹmí ṣì wà lórí ìdúró, ó ń retí ẹnì kẹjọ. Ènìyàn mẹ́jọ ni ọ̀sà gbé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ Àánú Olúwa rì, kò sì sí ọmọdé kan ní Ìlàjẹ, àdúgbò wọn létí ọ̀sà Bàrígà, tí kò mọ iye wọn. Ẹnì kẹjọ ni Adéjìmí, atukọ̀, ọkọ rẹ̀.

Wọ́n dá orin. Kò yanu. Kì í ṣe pé kò mọ orin náà. Ó ti kọ́ gbogbo orin ìjọ wọn sórí láti kékeré ní etí òkun Oǹdó, kí bàbá rẹ̀ tó kó ìdílé rẹ̀ wá sí Bàrígà.

Ojú fèrèsé ni ó ń wò. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà lé orí ìtì igi mẹ́ta lórí iyanrìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn gan-an. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun àti búlúù kùn ún, ó ń dán bí ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni òòrùn ti ń pa á níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ hàn gbangba níwájú rẹ̀: Àánú Olúwa. Ó ṣe Ìbíyẹmí bí ẹni pé kí ó jáde lọ fi èékánná fá orúkọ náà kúrò.

Kí ìjọ tó tú ká, Bàbá Ìjọ ṣe ìkéde. "Ní Ọjọ́bọ̀, akọ̀wé ìjọba tó ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí yóò wá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ní Sátidé, bí Olúwa bá fẹ́, ọkọ̀ wa yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ná Ìkòròdú. A dúpẹ́ pé kò sí àléébù lára ọkọ̀. Ọtí ni ọ̀tá fi ṣe wá ní ibi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ sá fún ọtí."

"Àmín," ni wọ́n wí. Ẹnì kan bojú wẹ̀yìn wo Ìbíyẹmí, ó sì yára kọ ojú síwájú.

Ẹ má ṣe rò pé ènìyàn búburú ni Bàbá Ìjọ Fọlọ́runṣọ́. Nígbà tí ibà dá Ìbíyẹmí wólẹ̀ lọ́dún 1952, òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún odindi oṣù kan. Lọ́dún náà kan náà, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rì Adéjìmí bọmi nínú ọ̀sà yìí, lọ́jọ́ tí Adéjìmí kọ ọtí sílẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ. Ìdí nìyí tí inú fi bí Ìbíyẹmí tó bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀tá bá gbá ni létí, a ó ní ọ̀tá ni. Ẹni tó ti bọ́ ni rí, tó wá gbá ni létí, òun ni a kì í mọ ohun tí a ó ṣe fún.

Ó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa."

"O ṣé, ọmọ mi. Ara ńkọ́?"

"Ara wà. Orúkọ kan kù, Bàbá."

Bàbá Ìjọ gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó ń wo omi. "Kò kù, Ìbíyẹmí. Ẹbí àwọn méje yẹn ló kún inú ìjọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ka orúkọ òkú wọn mọ́ orúkọ ẹni tó..."

"Ẹni tó kí ni?"

"Má jẹ́ kí n sọ ọ́."

"Ẹ sọ ọ́. Ẹ ti sọ ọ́ lórí pèpéle. Àbí ìta ni kò ṣe é sọ?"

Àwọn obìnrin tó ń jáde lọ bẹ̀rẹ̀ sí í rọra rìn.

"Ìjọba ló wádìí, kì í ṣe èmi," ni Bàbá Ìjọ wí. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, kò sì lọ sókè lọ́jọ́ náà. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ lò lábẹ́ omi. Nígbà tí wọ́n gbé e, tí wọ́n gbọ́n ọn gbẹ, akọ̀wé ní kí géńdé mẹ́rin kó òkúta wọ inú rẹ̀ lórí omi, kí wọ́n jókòó. Wọ́n jókòó títí ọ̀sán fi pọ́n. Ẹ̀kán omi kan kò wọlé. Àwọn tó yè sì ní ọkọ̀ ṣàdédé yí po bí ọkọ̀ ọ̀mùtí, tí ọkọ rẹ ń pariwo bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Kí lo fẹ́ kí n sọ?"

"Ọdún mẹ́ta ni Bàbá Rẹ̀mí, ọkọ mi, kò fi ẹnu kan ọtí."

"Ọlọ́run nìkan ló mọ ìyẹn."

"Èmi náà mọ̀ ọ́n. Èmi ni mò ń sùn tì í." Ó mí kanlẹ̀. "Bàbá, lọ́jọ́ Sátidé, ṣé àwọn ọmọ yín á wọ ọkọ̀ yẹn lọ Ìkòròdú?"

"Àwọn ọmọ mi ń lọ sílé ìwé."

"Kò sílé ìwé ní Sátidé."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín àwọn obìnrin, ó sì yí i sí ikọ́. Bàbá Ìjọ gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ súre fún un, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Ìbíyẹmí kò dáná sí ẹja tó máa ń yan tà. Ó gba ọ̀nà òkè, ó la Bàrígà kọjá, ó wọ Ṣómólú, ó ń béèrè ṣọ́ọ̀bù Kùdírátù oníyọ̀. Kùdírátù wà lára àwọn tó yè. Òpó ìgbòkun ni ó dì mú títí àwọn apẹja fi dé. Àbúrò rẹ̀, Munirat, kò rí nǹkan dì mú. Ìbíyẹmí ti gbọ́ pé ìdí ọkọ̀ ni Kùdírátù jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adéjìmí, nígbà tí àwọn yòókù wà níwájú. Ohun tí atukọ̀ náà sọ kẹ́yìn, bí ẹnì kan bá gbọ́ ọ, òun ni.

"Ìyá oníyọ̀, ẹ kú ọjà."

Kùdírátù gbé ojú sókè. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, nítorí Ìbíyẹmí ti wá kí i nígbà ọ̀fọ̀, tí Kùdírátù sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. "Mi ò tà fún ọ."

"Mi ò wá ra iyọ̀."

"Kí lo wá gbà? Ọkọ rẹ ti gba àbúrò mi."

"Ọ̀sà gba tèmi náà."

"Tìẹ lọ́wọ́ sí i." Kùdírátù ń fi abọ́ wọn iyọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí oníbàárà níbẹ̀. "Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ, ẹnu yín kì í dákẹ́. Ẹ ní inú omi ni wọ́n bí yín sí, ẹ ní ẹja ń kí yín. Ọjọ́ tí a wá gbẹ́kẹ̀ lé yín, ẹ rì bí ọlọ."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìbíyẹmí, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. "Ẹ bú mi tán. Bí ẹ bá ti bú mi tán, ẹ sọ fún mi bí ó ṣe rí. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Ó dúró síbẹ̀. Òòrùn wà lórí rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, Kùdírátù fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí i. "Jókòó. O ń dí ọjà mi lọ́wọ́."

Bí ó ṣe rí nìyí, gẹ́gẹ́ bí Kùdírátù ti sọ ọ́, tí kò wo ojú Ìbíyẹmí rárá.

"Àpò iyọ̀ mẹ́rin ni mo gbé. Mo tò wọ́n sórí pákó ìtẹ̀lẹ̀, mo jókòó lé wọn. A ò tíì pẹ́ lórí omi tí mo rí i pé ìjókòó mi ń lọ sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé mò ń sanra ni. Mo fọwọ́ kan àpò ìsàlẹ̀, ó ti rin gbindin. Iyọ̀ ń yọ́ lábẹ́ mi. Mo wá bínú sí ọkọ rẹ. Mo ní, 'Atukọ̀, ọkọ̀ rẹ ń mu iyọ̀ mi o.' Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó wá, ó ká pákó kan sókè, ó bojú wo abẹ́ rẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó gbé e sókè. Ìgbà yẹn ló yí ọkọ̀ po, tó ń ké pé kí gbogbo wa da ẹrù sómi. Wọ́n ní ó ti ya wèrè. Kò sẹ́ni tó da ẹrù. Èmi náà kò dà á. Iyọ̀ mi ni mò ń wò. Munirat tún fọwọ́ méjèèjì di àpò kan mú, ó ní kò sẹ́ni tó máa jù ú nù."

Ó tún bu iyọ̀ sínú abọ́ rẹ̀.

"Ìgbì ti ń wọ inú ọkọ̀ nígbà tí iyọ̀ ń yọ́?" Ìbíyẹmí bi í.

"Ìgbì wo? Ọ̀sà dúró jẹ́ẹ́ bí omi inú àwo."

"Ibo ni ó kọjú ọkọ̀ sí nígbà tó yí i?"

"Sí apá Ọ̀wọ̀rọ̀."

Ìbíyẹmí bo ojú. Ìtòsí Ọ̀wọ̀rọ̀ ni omi kò ti jìn, tí ẹsẹ̀ ènìyàn lè tẹ ilẹ̀. Kì í ṣe ọ̀mùtí ló ń yí ọkọ̀ po. Ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ rì síbi tí kò ti ní pa ẹnikẹ́ni ni.

Ó wá ṣàlàyé fún Kùdírátù ohun tí bàbá rẹ̀, tí í ṣe káfíńtà ọkọ̀, máa ń sọ. Ọkọ̀ onípákó tí wọ́n bá fi sórí ilẹ̀ pẹ́, pákó rẹ̀ á gbẹ, á sún kì, àyè á sì wà láàárín pákó kan àti èkejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀. Kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó gbé ènìyàn, wọ́n á kó òkúta sínú rẹ̀, wọ́n á rì í sí etí omi fún ọjọ́ mẹ́ta, kí pákó mumi, kí wọ́n wú, kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Bàbá rẹ̀ a máa ní, "Ọkọ̀ tí kò bá mumi létí ọ̀sà, àárín ọ̀sà ni yóò ti mu ún."

Kùdírátù gbọ́ ọ tán. Ó wá yí ojú sí i fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ọkọ rẹ tó jẹ́ atukọ̀, kò mọ èyí?"

"Ó mọ̀ ọ́n."

"Ó mọ̀ ọ́n, ó sì kó wa?"

Ìbíyẹmí dìde. Ó gbọn iyanrìn kúrò lára ìró rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí iyanrìn níbẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá sétí omi ní Ọjọ́bọ̀. Ohun tí ẹ sọ fún mi ni kí ẹ wá sọ."

"O ò dá mi lóhùn."

"Màá dá yín lóhùn ní Ọjọ́bọ̀."

Ìbéèrè yẹn bá a rìn padà dé Ìlàjẹ. Kò lè bínú sí Kùdírátù nítorí rẹ̀. Ó ti ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè náà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ní ìdílé Bàbá Ìjọ, bí olówó ọkọ̀ bá kú, ọkọ̀ rẹ̀ náà á ṣọ̀fọ̀. Wọ́n á wọ́ ọ gòkè, wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kan omi títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Ní oṣù Kejìlá ni Bàbá Ikúmápàyí, tí í ṣe bàbá Bàbá Ìjọ, tó ni Àánú Olúwa, kú, nígbà tí ọyẹ́ le tó bẹ́ẹ̀ tí ètè gbogbo ènìyàn sán. Ogójì ọjọ́ ni Àánú Olúwa fi wà nínú ọyẹ́ náà. Nígbà tí ó pé, wọ́n kùn ún, gbogbo ìjọ kọrin yí i ká, Bàbá Ìjọ da òróró sí i lórí, ó sì ní lọ́jọ́ kejì yóò gbé èrò.

Adéjìmí lọ bá a. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ rì í fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá Ìjọ wò ó bí ẹni pé ó sọ̀rọ̀ òdì. "Ọkọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ta òróró sí lórí? Kí n wá rì í sómi bí ohun ègún, kí gbogbo ayé máa wò ó?"

Adéjìmí délé, ó ní òun kò ní tu ọkọ̀ náà. Ìbíyẹmí wà nídìí àgbàn tí wọ́n fi ń yan ẹja, ó ń yí ẹja padà nínú èéfín. Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní, "Bàbá Rẹ̀mí, ṣé ẹ̀yin lẹ mọ̀ ju ẹni àmì òróró lọ? Ọdún mẹ́ta péré lẹ kúrò nídìí ọtí. Bí ẹ bá bá Bàbá jà báyìí, wọ́n á ní orí kunkun yín àtijọ́ ti padà dé. Ẹ lọ tu ọkọ̀. Olúwa á wà pẹ̀lú yín."

Adéjìmí ní, "Ó dáa, Ìyá Rẹ̀mí."

Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ kan láyé tí Ìbíyẹmí kórìíra bí "ó dáa."

Ní Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́wàá kò tíì lù tán tí Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́wálé, akọ̀wé ìjọba, fi dé láti Palmgrove lórí kẹ̀kẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin onírẹ̀lẹ̀ ni, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun dé orúnkún. Wọ́n ti gbé tábìlì sí abẹ́ igi fúrúùtù fún un, nítòsí ọkọ̀. Bàbá Ìjọ jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Lazarus, káfíńtà ọkọ̀ tó tún Àánú Olúwa kùn, dúró sẹ́yìn wọn, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ilẹ̀.

Akọ̀wé tú ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣí gègé. Kó tó kọ ohunkóhun, àwọn obìnrin ẹlẹ́ja mọ́kànlá jáde láti àárín ilé, olúkúlùkù ru garawa omi lórí. Ìbíyẹmí ló ṣáájú. Kùdírátù ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó fi ìborùn bo orí, bàtà rẹ̀ kún fún iyanrìn.

"Kí lèyí?" Bàbá Ìjọ bi wọ́n.

"Omi ni, Bàbá," ni Ìbíyẹmí dáhùn. Ó kúnlẹ̀ kí akọ̀wé. "Ọ̀gá, èmi ni ìyàwó atukọ̀. Obìnrin yìí ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé."

Kùdírátù sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Akọ̀wé ń ṣí ìwé rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

"Ẹ ò sọ èyí fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ bi yín léèrè, Ìyá."

"Ẹ bi mí bóyá ó mutí. Ẹ ò bi mí nípa iyọ̀ mi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí kò jò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi."

"Ọjọ́ wo lẹ yẹ̀ ẹ́ wò, sà?" Ìbíyẹmí bi í.

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde."

"Ó ti lo ọjọ́ mélòó lábẹ́ omi?"

"Mẹ́sàn-án."

"Ọkọ̀ tó ti mumi yó lẹ yẹ̀ wò, sà. Kò lè jò mọ́. Ọkọ̀ tó pa ọkọ mi, òùngbẹ ogójì ọjọ́ ló wà lọ́fun rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló tún ti wà nínú òòrùn báyìí, òùngbẹ ti tún gbẹ ẹ́. Sátidé ni wọ́n fẹ́ fi gbé àwọn ọmọ ènìyàn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí."

"Ìbíyẹmí," ni Bàbá Ìjọ wí, "ọ̀fọ̀ ló ń ṣe ọ́. A mọ̀. Lọ sílé."

"Mi ò lọ."

"O ò gbọdọ̀ da omi ẹja sínú ọkọ̀ tí a yà sí mímọ́."

Ìbíyẹmí dìde lórí ìkúnlẹ̀. Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo etí omi gbọ́ ọ. "Omi ọ̀sà yìí lẹ rì ọkọ mi bọ, kó tó di mímọ́ lójú yín. Èmi náà, inú rẹ̀ lẹ rì mí sí. Gbogbo àwọn tó dúró yìí, ẹ ti rì wọ́n. Ènìyàn tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ dá, ẹ rì í, kò di ohun ègún. Pákó wá ni omi di èèwọ̀ fún? Ẹ dá mi lóhùn, Bàbá."

Bàbá Ìjọ wo akọ̀wé, akọ̀wé sì ń wo ọkọ̀.

Ìbíyẹmí gun orí ìtì igi, ó sì da garawa rẹ̀ sínú ọkọ̀. Obìnrin kejì dà. Ẹ̀kẹta dà. Wọ́n padà lọ pọn òmíràn. Gbogbo ènìyàn ń wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Kò sí nǹkan kan. Ọ̀dà funfun náà ń dán.

"Ó kúkú dáa," ọkùnrin kan wí láti ẹ̀yìn, "wọ́n ti bá wa fọ ọkọ̀."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ìbíyẹmí gba garawa lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ lé e, ó dà á, ó tún gba òmíràn. Nígbà náà ni Kùdírátù na ọwọ́ sí abẹ́ ọkọ̀, ó ní, "Ẹ wo ibí."

Ọ̀dà ti wú níbì kan bí awọ tó léròrò. Ó bẹ́. Omi yọ bí òógùn, ó di okùn tín-ín-rín, okùn náà gùn láti iwájú ọkọ̀ dé ìdí rẹ̀. Òmíràn yọ lókè rẹ̀. Òmíràn yọ lápá kejì. Kó tó pẹ́, ọkọ̀ náà ń da omi láti gbogbo egbò ara rẹ̀ bí ajọ̀, omi sì ṣàn dé abẹ́ tábìlì, ó rin ìbọ̀sẹ̀ akọ̀wé. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn méje jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ náà, kò sunkún, ó kàn ń wo omi.

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mú pẹ́ńsùlù rẹ̀, ó tì í bọ àárín pákó méjì níbi tí ọ̀dà ti bẹ́. Ó wọlé dé ìdajì. Ó fà á yọ, ó wò ó, ó sì yí sí Lazarus.

"Ìwọ, káfíńtà. Ṣé o mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n rì í kó tó gbé èrò?"

"Kò sí káfíńtà ọkọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n, sà."

"O sọ fún wọn?"

Lazarus ṣì ń wo ilẹ̀. "Bàbá ní kí n kùn ún. Mo kùn ún."

"Atukọ̀ ńkọ́? Òun náà mọ̀?"

Ìbíyẹmí rí ojú Kùdírátù tó ń wo òun. Bí ó bá ní rárá, kò mọ̀, orúkọ Adéjìmí á mọ́ bí aṣọ àlà. Kò sẹ́ni tó máa já a nírọ́. Bàbá Ìjọ fúnra rẹ̀ kò ní fẹ́ sọ ohun tí Adéjìmí bá a sọ. Irọ́ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó rántí pé tìtorí orúkọ, tìtorí kí wọ́n má baà sọ̀rọ̀ wọn láìdáa, ni òun fi lé ọkùnrin kan lọ sórí omi.

"Ó mọ̀," ló wí. "Ó lọ bá Bàbá, ó ní kí wọ́n rì í. Bàbá kọ̀. Ó wá sílé, ó ní òun kò tù ú. Èmi ni mo ní kó lọ. Mo ní kó má bá ẹni àmì òróró jà. Bí ẹ bá ń kọ orúkọ, ẹ kọ tèmi sí i." Ó wá yí sí Kùdírátù. "Ẹ ní n kò dá yín lóhùn. Ìdáhùn nìyẹn."

Kùdírátù gba garawa òfìfo tó wà lọ́wọ́ Ìbíyẹmí, ó gbé e kalẹ̀, ó sì dúró tì í.

Akọ̀wé padà sídìí tábìlì. Ó fa ìlà pa gbólóhùn tó ní ọtí nínú. Ó tún ìlà náà fà lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ gègé mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé fẹ́ ya. "Màá kọ ọ́ pé ìgbà tí kò yẹ ni mo yẹ ọkọ̀ wò," ló wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ gbé ẹnikẹ́ni ní Sátidé. Bàbá, ẹ óò tẹ̀ lé mi lọ sí ọ́fíìsì ní ọ̀la. Ìwọ náà, káfíńtà."

Bàbá Ìjọ dìde. Ó dà bí ẹni pé ó ti kúrú. Ó rìn wá síwájú Ìbíyẹmí nínú ẹrẹ̀, aṣọ funfun rẹ̀ ń wọ́ nínú omi tó ń jáde lára ọkọ̀ rẹ̀.

"Ìyá Rẹ̀mí," ló wí. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ìbíyẹmí ló máa ń pè é. "Sọ́ńdè tó ń bọ̀, a ó ka orúkọ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá kà á. A ó kọ orin tó bá wù ọ́."

Ìbíyẹmí wo ojú ẹni tó ti gbé oúnjẹ wá fún òun rí. Ó fẹ́ sọ ohun púpọ̀, gbogbo rẹ̀ sì kóra jọ di ọ̀rọ̀ kan.

"Ẹ kọ́kọ́ rì í ná."

Wọ́n ti ọkọ̀ náà kúrò lórí ìtì igi. Ọkùnrin mẹ́jọ ló tì í, Lazarus wà lára wọn. Nígbà tó kan omi, ó léfòó díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu. Àwọn obìnrin to ara wọn láti orí iyanrìn dé inú omi, wọ́n ń gbé òkúta láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bàbá Ìjọ wà ní ìlà náà. Kò sẹ́ni tó ní kó wá. Ó kàn bọ́ sáàárín wọn. Òkúta tó dé ọwọ́ rẹ̀ wúwo, ẹni tó kàn láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ sì ni Ìbíyẹmí. Ó gbà á. Kò wo ojú rẹ̀. Ó gbé e wọ inú ọkọ̀, ó sì na ọwọ́ fún òmíràn.

Ọkọ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi bo ọ̀dà búlúù, ó bo funfun, ó dé ibi orúkọ. Ìbíyẹmí dúró nínú omi dé ìbàdí, ó ń wò ó títí lẹ́tà tó kẹ́yìn fi lọ.

Ó mọ̀ pé òun yóò dárí ji Bàbá Ìjọ lọ́jọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ, ó sì gbà á gbọ́ láti ọkàn wá. Bóyá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú, yóò lè dárí ji obìnrin tó ń yí ẹja padà tí kò gbé ojú sókè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọjọ́bọ̀ yìí. Ó tún na ọwọ́ sẹ́yìn.

"Òkúta dà?" ló wí. "Kò tíì tó."